Banshee 2002 tàbí TRX400EX 2003: two-stroke àlòkù ni kí n mú ni, àbí four-stroke?

Tọ́lá_Oníyanrìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Quad eléré àlòkù, ìyẹn alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ni mo fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ náà sì ti kù sórí méjì. Ọ̀kan ni Yamaha Banshee ọdún 2002, two-stroke, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Èkejì ni Honda TRX400EX (400EX) ọdún 2003, four-stroke, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí epo. Olówó rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Iye tí wọ́n ń pè wọ́n kò jìnnà síra. Ẹnì kan tún wá ní kí n pa méjèèjì tì, kí n lọ wá YFZ450 ti Yamaha, four-stroke eléré ìje.

Mo máa gùn ún lórí iyanrìn gbalasa nígbà mìíràn, àmọ́ ọ̀nà tóóró inú igbó ló máa pọ̀ jù. Mo mọ sípánà dì mú, èmi náà ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti bíréèkì ohun tí mo ń gùn, ṣùgbọ́n n kò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ rí. Èwo ni kí n mú?

ÈéfínAládùn

Banshee. Kí lẹ tún ń bi wá sí?

Sílíńdà méjì, cc 347, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n mú wá láti ara RZ350 tó jẹ́ alùpùpù ojú títì. Four-stroke máa ń gbé èèyàn lọ ni, Banshee máa ń gbé èèyàn sá lọ. Tí ẹ bá ti gbọ́ bó ṣe ń ké lórí òkè iyanrìn lẹ́ẹ̀kan, ọkàn yín ò ní sinmi mọ́.

Adùn_Igbó

Ẹ̀gbọ́n Èéfín, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni yìí ní igbó ló máa pọ̀ jù o!

Tọ́lá, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí nínú igbó. Ẹ ò ní ráyè sáré. Gíà kejì ni, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan gíà kẹta, kùkùté níwájú, kọ́nà lẹ́yìn kọ́nà. Agbára Banshee kì í sí nísàlẹ̀, ó dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá kó tó jí. Nítorí náà ẹ máa di kílọ́ọ̀ṣì mú ṣáá kó má baà kú, ọwọ́ òsì yín á ròyìn fún yín lálẹ́. Tó bá wá kú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀: ẹsẹ̀ lẹ máa fi ta á, lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn náà. 400EX, bọ́tìnnì ni. Bí ẹ bá sì ń sọ̀kalẹ̀, tí ẹ ju tíróótù sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì four-stroke fúnra rẹ̀ á dì í mú fún yín. Two-stroke kì í fi bẹ́ẹ̀ di nǹkan kan mú, bíréèkì ló máa ru gbogbo ẹrù náà.

Àwọn méjèèjì ò ní rìfáàsì o. Ọdún 2005 ni Honda tó fi rìfáàsì sí 400EX. Nínú igbó, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ fà á sẹ́yìn nígbà mìíràn.

ÈéfínAládùn

Àbúrò mi obìnrin, àwọn kan ń gun Banshee nínú igbó, wọn ò kú. Ẹ yí ṣípírọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, ẹ fi èyí tó máa mú gíà rẹ̀ kúrú sí i, ó parí.

Adùn_Igbó

Mi ò ní wọ́n kú. Mo ní ó rẹ̀ wọ́n.

Ọ̀gá_Sílíńdà

Ẹ jẹ́ ká fi ti agbára sílẹ̀ ná. Ohun tí mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù ni pé, irú ìbàjẹ́ wo lo lè gbà mọ́ra? Two-stroke ń fẹ́ àtúnṣe lemọ́lemọ́, àmọ́ àtúnṣe rẹ̀ kì í fọ́ni lórí. Four-stroke máa ń pẹ́ kó tó ní kí o wá wo òun, ọjọ́ tó bá sì ní kí o wá, ó lè jẹ́ gbogbo inú rẹ̀ ló ti bá a lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí, àbúrò. Two-stroke ń jó epo ní gbogbo ìgbà tí kráńkì bá yí lẹ́ẹ̀kan, four-stroke ń jó o lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Pístìnnì two-stroke ò sinmi rárá, rìǹgì rẹ̀ sì ń gba orí ihò kọjá lára ògiri sílíńdà lókè àti nísàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n kò ní káàmù, kò ní ṣéènì táímììnì, kò ní fáàfù lórí. Tí o bá fẹ́ tún òkè rẹ̀ ṣe, pístìnnì ni, rìǹgì, píìnì, bẹ́ríǹgì kékeré tó wà lẹ́nu kọ́ńrọ́ọ̀dù, àti gáàsíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó mọ sípánà dì mú, tó sì ní ìwé àtúnṣe lọ́wọ́, lè kọ́ ọ.

Four-stroke, ṣéènì táímììnì tó bá fo eyín kan lè mú kí fáàfù gbá pístìnnì. Fáàfù tó bá já bọ́ sínú sílíńdà máa ba tọ́ọ̀pù jẹ́, á ba pístìnnì jẹ́, á ha sílíńdà, irin tó rún á sì wọnú ọ́ìlì lọ bá kráńkì. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Wàyí o, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n máa ń pe four-stroke bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. 400EX àti YFZ450 jọ ń jẹ́ four-stroke ni, ìwà wọn ò jọra rárá. 400EX jẹ́ cc 397, atẹ́gùn ló ń mú un tutù, wọn ò rọ agbára rẹ̀ dópin. Bí fáàfù rẹ̀ bá ti yẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n, sùkúrúù àti nọ́ọ̀tì lo máa fi tún un ṣe, pẹ̀lú féèlà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo. Sílíńdà rẹ̀ ní sílíìfù irin, tó bá jẹ, wọ́n lè bóòrù rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n fẹ inú rẹ̀, kí wọ́n fi pístìnnì tó tóbi díẹ̀ sí i. YFZ450 tó jáde ní 2004, eré ìje ni wọ́n ṣe é fún: fáàfù márùn-ún, omi ló ń mú un tutù, ó ń yí kíákíá gan-an, sílíńdà rẹ̀ ní awọ líle tí wọ́n fi bò ó nínú dípò sílíìfù. Fáàfù rẹ̀ tó bá yẹ̀, o máa yọ káàmù, o máa pààrọ̀ ṣíìmù, irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń pinnu àlàfo fáàfù. Awọ inú sílíńdà yẹn tó bá ṣí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi awọ tuntun bò ó lò ń lọ, tàbí kí o ra sílíńdà míì. Ẹni tó ra 450 àlòkù torí pé wọ́n ní four-stroke máa ń pẹ́, wọ́n tan ẹni náà jẹ.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o dárúkọ, 400EX ni mo máa fún ẹni tí kò ṣí ẹ́ńjìnnì rí. Banshee ló tẹ̀ lé e. YFZ450 ló kẹ́yìn.

Sáré_Gbalasa

Ọ̀gá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ẹ ti fi 450 wọ́lẹ̀ jù. Lórí pápá ìje tó ní òkè tí à ń fò, 400EX máa ń han olówó rẹ̀ léèmọ̀. Èmi ń pààrọ̀ ọ́ìlì 450 mi nígbà gbogbo, mo ń ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́, mo sì ń wọn fáàfù rẹ̀ kó tó di ohun tí kò ṣe é tan. Kò tíì fún mi ní wàhálà.

Ọ̀gá_Sílíńdà

Ìwọ tí ò ń ka wákàtí kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹni tó máa ta tirẹ̀ fún Tọ́lá, ṣé òun náà ka wákàtí?

Sáré_Gbalasa

Ìyẹn dáa. Mo gbà.

Tọ́lá_Oníyanrìn

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ìbéèrè mi ni pé báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n tún Banshee yẹn ṣe? Kò ní jẹ́ kí n tú u lójú òun.

Ọ̀gá_Sílíńdà

Kò dìgbà tí o bá tú u. Bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Pístìnnì ìwọ̀n wo ló wà níbẹ̀? Ta ló bóòrù rẹ̀? Ìwé owó rẹ̀ ńkọ́? Banshee tó jáde láti iléeṣẹ́, milimítà 64 ni sílíńdà rẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá bóòrù rẹ̀, ó ń tóbi sí i, ó sì níbi tí irin sílíìfù máa ti tán. Ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe lóòótọ́ mọ nọ́ńbà yẹn sórí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè jẹ́ rìǹgì tuntun nìkan ló tì bọ sílíńdà tó ti jẹ.

Lẹ́yìn náà, ní kó jẹ́ kí o tú sàlẹ́ńsà. Nọ́ọ̀tì àti sípíríìnì díẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó yẹ kó bínú sí i. Fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò tí èéfín ń gbà jáde, o máa rí ara pístìnnì kedere. Ta kíìkì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lọ sókè kó lọ sísàlẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán. Tí o bá rí ìlà tó ha láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ti gan mọ́ sílíńdà rí nìyẹn, yálà epo rẹ̀ kéré sí atẹ́gùn ni o, tàbí ọ́ìlì rẹ̀ ò tó, tàbí ó gbóná jù. Àǹfààní ńlá tí two-stroke fi ju four-stroke lọ fún ẹni tó ń ra àlòkù nìyí, ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í lò ó.

Wọn ìfúnpá sílíńdà méjèèjì, tẹ tíróótù dé ìparí nígbà tí o bá ń ta kíìkì. Mi ò ní sọ iye kan fún ọ, torí tọ́ọ̀pù tí wọ́n bá ti gé ń yí i padà. Kí méjèèjì ṣáà súnmọ́ra. Tí ọ̀kan bá fi púpọ̀ lọ sílẹ̀ ju èkejì, má gbọ́ àlàyé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìdánwò jíjò. Two-stroke ń fa epo gba inú ilé kráńkì, nítorí náà ilé kráńkì ò gbọdọ̀ jò rárá. A máa ń dí ojú ọ̀nà kábúrétọ̀ àti ojú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, a ó fẹ́ atẹ́gùn bíi psi 6 sínú rẹ̀, a ó sì wò ó fún ìṣẹ́jú 6 bóyá ó dúró. Tí kò bá dúró, fi omi ọṣẹ wá ibi tó ti ń hó. Ọ̀pọ̀ pístìnnì tuntun ló jóná torí wọn ò ṣe ìdánwò yìí lẹ́yìn àtúnṣe, ọ́ìlì síìlì tó ti gbó ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Tí kò bá gbà kí o ṣe é, fi etí ṣe é. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, tẹ tíróótù, jù ú sílẹ̀. Ó yẹ kó rọlẹ̀ kíá. Tó bá ń ké lókè fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀, atẹ́gùn ń jò wọlé níbì kan. Tí èéfín funfun bá wá ń jáde láìdáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì gíà sì ń dínkù láìkán sílẹ̀, síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ti lọ, ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì gíà nìyẹn.

ÈéfínAládùn

Ọ̀gá ti sọ ọ́ tán. Èmi fẹ́ràn Banshee dé ojú ikú, ṣùgbọ́n mo máa fi èyí kún un: ẹ bi í pé kí ni wọ́n ti yí padà lára rẹ̀. Ṣàṣà ni Banshee tí wọ́n fi sílẹ̀ bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é. Tí wọ́n bá ti fi sàlẹ́ńsà míì sí i, tí wọ́n yọ ìdérí fílítà, tí wọn ò sì pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tó ń wọn epo) kábúrétọ̀ méjèèjì, epo á kéré sí atẹ́gùn, pístìnnì á gan. Àwọn kan á wá ní kí ẹ fi ọ́ìlì kún ọ́ìlì kó lè "dáàbò bò ó". Ẹ rántí pé bí ọ́ìlì bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú epo ni epo gangan tó ń gba inú jẹ́ẹ̀tì yẹn kọjá ń dínkù. Ẹ mú ìwọ̀n kan, ẹ tún jẹ́ẹ̀tì ṣe sí i, ẹ má sì yí i kiri. Ọ̀pọ̀ wa ń lo 32 sí 1, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 31 ọ́ìlì sí lítà epo kan.

Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, ẹ má ju tíróótù sílẹ̀ pátápátá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Epo ló ń gbé ọ́ìlì wọlé. Tí epo ò bá wọlé tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí kíákíá, ẹ ń gbẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àbúrò_Gíà

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwọn two-stroke yòókù ńkọ́? Mo rí TRX250R kan àti Tecate kan tí wọ́n ń tà.

Ọ̀gá_Sílíńdà

TRX250R dáa gan-an, fún eré ìje àwọn kan ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ju Banshee lọ torí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti darí. Ṣùgbọ́n 1986 sí 1989 ni Honda ṣe é. Suzuki LT250R, 1985 sí 1992. Tecate-4 ti Kawasaki, 1987 àti 1988 péré. LT500R, tí wọ́n ń pè ní Quadzilla, 1987 sí 1990. Banshee bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ó sì wà lọ́jà Amẹ́ríkà títí di 2006, òun àti Blaster kékeré ti Yamaha, kí òfin èéfín tó lé two-stroke kúrò níbẹ̀. Ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí nǹkan Banshee ṣì pọ̀ lọ́jà. Sílíńdà, kráńkì, títí kan ṣáàsí, àwọn míì ṣì ń ṣe é jáde. Tecate, tí nǹkan kékeré kan bá ṣẹ́ lára rẹ̀, o máa wá a títí. Kí ẹni tó fẹ́ kó o jọ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rà á. Má fi ṣe quad àkọ́kọ́.

Àbúrò_Gíà

Blaster ńkọ́, fún èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́?

ÈéfínAládùn

Blaster dáa fún ẹ. Cc 195, atẹ́gùn ló ń mú un tutù, ó sì ń po ọ́ìlì fúnra rẹ̀ bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é. Ṣáà wò ó bóyá wọ́n ti yọ ẹ̀rọ tó ń po ọ́ìlì kúrò, ọ̀pọ̀ máa ń yọ ọ́. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́ tí o sì da epo lásán sí i, ó ti tán.

Adùn_Igbó

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Tọ́lá. Fún 400EX, ẹ pe olówó rẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ ní kó má tan án. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná, ẹ bi í pé kí ló dé. Four-stroke tí fáàfù rẹ̀ ti fún jù kì í fẹ́ tan nígbà tó bá tutù, tí wọ́n bá ti mú un gbóná sílẹ̀ ẹ ò ní mọ̀.

Èéfín: two-stroke gbọ́dọ̀ rú èéfín díẹ̀, four-stroke kò gbọdọ̀. Tó bá rú èéfín aláwọ̀ búlúù nígbà tí ẹ bá tún tẹ tíróótù lẹ́yìn tí ẹ ti jù ú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, síìlì fáàfù ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá ń rú u ní gbogbo ìgbà tó bá ń fa ẹrù, rìǹgì ni. Ẹ tú ọ́ìlì díẹ̀ sí ọwọ́, ẹ wò ó nínú oòrùn. Tó bá ń dán yinrinyinrin, irin ni, ẹ máa lọ sílé.

Ẹ má gbára lé wíwọn ìfúnpá lásán. Ọ̀pọ̀ four-stroke ní ohun tó ń tú ìfúnpá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tan án, nọ́ńbà tí ẹ máa rí lè kéré láìsí àìsàn kankan.

Ayẹ̀wò_Kíákíá

Ẹ́ńjìnnì ẹ́ńjìnnì ṣáá! Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń ta kọ́, kọ́, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bẹ́ríǹgì ni. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yí táyà, ẹ wo áàsù bóyá ó ń jó. Ẹ ti apá ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò níbi tí ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ti pàdé ṣáàsí, ẹ wò ó bóyá ó ti sán tàbí wọ́n ti jó o. Kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà ṣáàsí, kó bá ìwé mu. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà, ẹ má dúró gbọ́ ìtàn.

Tọ́lá_Oníyanrìn

Mo ti lọ wo méjèèjì o.

Banshee: ó ní wọ́n ti bóòrù rẹ̀ "bíi ẹ̀ẹ̀mejì", kò mọ nọ́ńbà. Ó jẹ́ kí n tú sàlẹ́ńsà. Pístìnnì òsì ń dán, ti ọ̀tún ní ìlà mẹ́rin tó ha wá sísàlẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ ìdánwò jíjò, ó ní èmi kọ́ ni oníbàárà tó ń bẹ òun.

400EX: tútù ló wà nígbà tí mo dé, ó tan. Kò rú èéfín. Ọ́ìlì rẹ̀ dúdú ṣùgbọ́n kò dán. Ó ń ta tíkí-tíkí lókè ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì òsì ti lọ, ṣéènì ẹ̀yìn rẹ̀ ti fà. Ó yọ díẹ̀ kúrò nínú owó nítorí ìwọ̀nyẹn. Mo ti san án.

ÈéfínAládùn

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìlà mẹ́rin yẹn, èmi náà ò ní rà á. Tí ẹ bá rí Banshee míì tó dáa, ẹ pè mí kí ẹ tó pe Adùn_Igbó.

Adùn_Igbó

Ẹ kú oríire, Tọ́lá! Ẹ ra ṣéènì pẹ̀lú ṣípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀, ẹ má fi ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti jẹ.

Tọ́lá_Oníyanrìn

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀gá, tíkí-tíkí yẹn ńkọ́? Mo sì fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì lónìí, ṣé ti mọ́tò ṣe é lò?

Ọ̀gá_Sílíńdà

Tíkí-tíkí tó ń ro ní ìwọ̀nba, tí kò sì le sí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, fáàfù tó ṣí ju ìwọ̀n lọ ni mo rò. Fáàfù tó ń ké díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ torí pé ó ti fún jù. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù di ọjọ́ kejì, gbé pístìnnì dé òkè pátápátá níbi tí fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sé, kí o wọ̀n ọ́n pẹ̀lú féèlà géèjì gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ. Tí ariwo náà bá jẹ́ ti ṣéènì táímììnì, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ti máa ń wá, a máa dà bí ohun tó ń rọ́ gìrìgìrì. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má gùn ún, kọ̀wé síbí ná.

Ọ́ìlì alùpùpù ni kí o rà, èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mu. Inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní èròjà tó ń mú kó máa yọ̀. Àwo ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ́ìlì wà, nítorí náà ibi méjèèjì ni kí o ti tú u. Bí o bá da tuntun sí i tán, tan án kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, pa á, lẹ́yìn náà ni kí o ti ọ̀pá ìwọ̀n bọ̀ ọ́ láìlọ́ ọ mọ́ ọn. Tí o bá wọ̀n ọ́n láìtan án, ìwọ̀n tí kì í ṣe òótọ́ lo máa rí, wàá sì da èyí tó pọ̀ jù sí i.